Ẹ̀dà Ọkọ̀ Òfuurufú: Ohun Ìṣeré Ni, Tàbí Ohun Ìmọ̀?

Ìbéèrè tí olóòtú ètò yìí gbé ka iwájú wa lónìí jọ ìbéèrè kékeré, ṣùgbọ́n kò kéré rárá. Ó ní: àwọn ènìyàn tí ń fi igi, páànù àti bébà ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ òfuurufú, àti àwọn tí ń kó irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ jọ, kí ni wọ́n ń ṣe gan-an? Ṣé eré ni, àbí iṣẹ́? Kí ni ó sì kan Ìbàdàn, ìlú Olúyọ̀lé, nínú ọ̀rọ̀ náà? Ìdáhùn tèmi, tí n óò gbìyànjú láti fi ìtàn gbè lẹ́yìn, ni pé ẹ̀dà ni ìwé tí àwọn tí ó kọ́kọ́ fò fi kọ́ bí a ti ń fò. Ọwọ́ àwa náà kò kùnà láti ṣe ẹ̀dà. Ohun mẹ́ta ni a kò fi kún un: ìwọ̀n, àkọsílẹ̀ àti ìpamọ́.

Kí a tó rìn jìnnà, ó yẹ kí a fọwọ́ kan àwọn ọ̀rọ̀ tí a óò máa lò, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi. Èdè Yorùbá ní orúkọ púpọ̀ fún ohun tí a ṣe kí ó lè jọ ohun mìíràn. Ère ni èyí tí a gbẹ́. Àwòrán ni èyí tí a ń wò. Ẹ̀dà ni èyí tí a dà kọ lára ohun tí ó ti wà ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, èyí ni àwòkọ́ṣe. Bí a bá tú u palẹ̀, a óò rí ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta nínú rẹ̀: wò, kọ́, ṣe. Àwòrán dúró lórí wíwò. Ère àti ẹ̀dà dé orí ṣíṣe. Àwòkọ́ṣe nìkan ni ó fi kíkọ́ sí àárín wíwò àti ṣíṣe. Àárín yìí gan-an ni àríyànjiyàn òní wà. Nígbà tí mo bá sì wí pé ọkọ̀ òfuurufú ìdánwò, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọkọ̀ tí ń kó èrò tàbí ẹrù ni mo ń sọ. Ọkọ̀ ìdánwò ni èyí tí a kọ́ láti fi bi afẹ́fẹ́ ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀.

Ọkọ̀ òfuurufú kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1925 ni àwọn ọmọ-ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Arthur Coningham ṣe olórí fún, gbéra láti Cairo ní ilẹ̀ Íjíbítì, tí wọ́n sì balẹ̀ sí Kano. Ní 1936, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Imperial Airways ti ń dé Èkó. Ní 1946, ìjọba amúnisìn dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sílẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí WAAC. Láti ara rẹ̀ ni iléeṣẹ́ tí ó di Nigeria Airways ti jáde ní 1958, tí ó sì ṣiṣẹ́ títí di 2003. Láàárín ìgbà tí ọmọdé fi lè dàgbà kí ó sì di baba ọmọ, ohun tí ojú kò rí rí ti di ohun tí ń kọjá lórí òrùlé. Èdè wa kò dákẹ́ sí i. Àwọn kan pè é ní bàálù, àwọn mìíràn pè é ní ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ kíyè sí orúkọ kejì yìí. Ó mú ohun tuntun wọ inú ẹbí ohun tí a ti mọ̀, ọkọ̀ ojú omi àti ọkọ̀ ilẹ̀, ó sì tọ́ka sí ohun tí ó fi yàtọ̀ sí wọn. A lè sọ pé èdè ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ náà kí gbẹ́nàgbẹ́nà tó mú ọ̀bẹ.

Lẹ́yìn èdè ni ọwọ́. Ta ni ó dàgbà ní agboolé kan ní Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ, ní ìsàlẹ̀ òkè Màpó tàbí ní Bẹyẹrúnkà, tí kò mọ bí àwọn ọmọdé ti ń ṣe é? Agolo sàdíìnì ni ara ọkọ̀. Páànù tí ó ti dípẹtà, tí wọ́n ṣẹ́kù nígbà tí a pààrọ̀ òrùlé, ni apá. Ìdérí ìgò tàbí àwókù sílípáàsì ni táyà. Ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ ni egungun, rọ́bà ni wọ́n sì fi ń dì í. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ wá láti òkè Ọya, wọn a so bébà mọ́ okùn, wọn a jẹ́ kí ó gòkè. Ọmọ tí ó ṣe nǹkan wọ̀nyí ti yanjú ìṣòro tí kò kéré. Ó ti rí i pé bí iwájú bá wúwo jù, ohun náà yóò dorí kodò. Bí ìrù bá sì fúyẹ́ jù, yóò máa yí gbirigbiri. Ṣùgbọ́n ta ni ó bi í pé, báwo ni o ti ṣe mọ̀ ọ́n? Ohun tí àwa àgbà sábà máa ń sọ fún un ni pé kí ó fi eré sílẹ̀, kí ó lọ mú ìwé rẹ̀.

Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọmọdé nìkan. Ní ilẹ̀ Kétu àti ní ilẹ̀ Ẹ̀gbádò tí a ń pè ní Yewa báyìí, àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ti gbé ọkọ̀ òfuurufú ka orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ̀ pé ojú ènìyàn, tí ó tutù tí ó sì dákẹ́, ni ó máa ń wà ní ìsàlẹ̀. Òkè rẹ̀ ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń sọ ti ayé. Ní òkè yìí ni a ti rí ejò àti ẹyẹ, aláte ọjà, ẹ̀rọ ìránṣọ, alùpùpù, mọ́tò àti ọkọ̀ òfuurufú. Gbogbo rẹ̀ ni a fi ń bu ọlá fún àwọn ìyá wa, tí a sì ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ nípa ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láwùjọ. Ní ọdún 2001 ni àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun àjogúnbá gbogbo ọmọ ènìyàn, tí wọ́n sì fi í sínú ìwé àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ ilẹ̀ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá wí pé ṣíṣe ẹ̀dà ọkọ̀ òfuurufú jẹ́ àṣà àwọn aláwọ̀ funfun, ẹ ní kí ó lọ wo orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ní ìlú Teshie, lẹ́bàá Accra ní ilẹ̀ Ghana, iṣẹ́ náà tóbi ju èyí lọ. Káfíńtà kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Seth Kane Kwei. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé ìyá rẹ̀ àgbà fẹ́ràn láti máa wo ọkọ̀ òfuurufú tí ń gbéra tí ń balẹ̀ ní Accra, ṣùgbọ́n tí kò wọ ọkọ̀ òfuurufú rí. Nígbà tí ìyá náà kú ní 1951, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan pósí fún un tí ó ní apá àti ìrù bí ọkọ̀ òfuurufú, kí ó lè fi í rin ìrìn-àjò tí kò rìn nígbà ayé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni iṣẹ́ pósí aláràbarà ti di ohun tí a mọ Teshie mọ́. Ní 1989, wọ́n pàtẹ pósí Kane Kwei ní ìlú Paris níbi ìpàtẹ ńlá kan tí a pè ní Magiciens de la terre. Ẹ wo ọkọ̀ náà dáadáa: ẹ̀dà tí ó tóbi tó láti gba odidi ènìyàn.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra níbí kí a má baà ṣe ìdájọ́ òdì. Gbẹ́nàgbẹ́nà Kétu àti káfíńtà Teshie kò kùnà. Èkíní fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ jó, ó sì jó. Èkejì fẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ tu olóògbé àti ọmọ olóògbé nínú, ó sì tù wọ́n nínú. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ní òun fẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀dà lè ṣe nígbà tí a bá gbé e síwájú afẹ́fẹ́, a ní láti wo ibòmíràn fún ìgbà díẹ̀, kí a tó padà wá sílé.

Ní ọdún 1804, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, George Cayley, ṣe ẹ̀dà kékeré kan tí kò gùn ju nǹkan bí mítà kan ààbọ̀ lọ, tí ó ní apá níwájú àti ìrù lẹ́yìn, ó sì ń jù ú kí ó máa rọra fò sọ̀kalẹ̀. Kò sí ọkọ̀ òfuurufú kankan láyé nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀dà ohun tí ó ti wà ni ó ṣe; ẹ̀dà ohun tí ń bọ̀ ni. Ní 1871, Alphonse Pénaud, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣe èyí tí rọ́bà tí a lọ́ ń yí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ó sì fò ní gbangba ní Paris. Pénaud yìí kan náà ṣe ohun ìṣeré mìíràn tí ń fi rọ́bà gòkè gan-anran. Ní 1878, bàbá kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ra irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì. Orúkọ àwọn ọmọ náà ni Wilbur àti Orville Wright. Wọ́n fi ṣeré títí ó fi bàjẹ́, wọ́n sì tún irú rẹ̀ ṣe fúnra wọn. Ọdún 25 lẹ́yìn èyí ni wọ́n fò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ẹ̀dà tí ó fò ti tó. Samuel Langley, ọ̀mọ̀wé ńlá tí ó jẹ́ olórí Smithsonian ní Washington, ṣe ẹ̀dà tí kò ní awakọ̀, tí apá rẹ̀ fẹ̀ tó nǹkan bí mítà 4, tí ẹ́ńjìnnì olóoru sì ń tì í. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún 1896, ẹ̀dà yìí fò tó nǹkan bí 1,000 mítà lórí odò Potomac. Inú rẹ̀ dùn, ìjọba sì fún un ní owó pé kí ó ṣe èyí tí ó lè gbé ènìyàn. Ó gba ìwọ̀n kékeré náà, ó sọ ọ́ di ńlá. Ní oṣù Kẹwàá àti oṣù Kejìlá 1903, ọkọ̀ ńlá náà já sínú odò lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí a wo apá kan ohun tí ó fà á, nítorí pé ìṣirò tí akẹ́kọ̀ọ́ kan lè ṣe ni.

Ẹ mú búríkì amọ̀ kan, irú èyí tí a fi mọ ilé Ìbàdàn àtijọ́. Ẹ wá mọ òmíràn tí ó gùn ní ìlọ́po 2, tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po 2, tí ó sì ga ní ìlọ́po 2. Bí ẹ bá wò ó láti iwájú, ojú rẹ̀ tó ojú búríkì kékeré 4. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e, ìwúwo rẹ̀ tó ti búríkì kékeré 8. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òfuurufú. Apá rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ń tì, ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po 4; ẹrù tí apá náà yóò gbé ń pọ̀ sí i ní ìlọ́po 8. Egungun tí ó le tó fún kékeré lè rọ lábẹ́ ńlá. Ẹ̀dà kékeré kì í ṣe ńlá tí ó súnkì. Ẹni tí kò bá mọ ìṣirò yìí, bí ọwọ́ rẹ̀ ti lè dára tó, ẹ̀dà yóò tàn án jẹ.

Àwọn ọmọ Wright gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1901, ọkọ̀ wọn tí kò ní ẹ́ńjìnnì kò ṣe bí ìwé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ti wí. Wọn kò sọ pé ayé ni ó ń ṣe wọ́n. Wọ́n kan àpótí onígi kan tí ó ṣí níwájú àti lẹ́yìn, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, wọ́n sì ń gbé apá kéékèèké tí a fi irin pẹlẹbẹ ṣe síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú apá tí wọ́n dán wò tó 200. Èyí tí ó gùn, èyí tí ó kúrú, èyí tí ó tẹ̀ díẹ̀, èyí tí ó tẹ̀ gan-an: wọ́n wọn agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 1903, ọjọ́ 9 péré lẹ́yìn tí ọkọ̀ Langley já sínú omi lẹ́ẹ̀kejì, ohun tí wọ́n ń lù jáde. Ìṣẹ́jú-àáyá 12 ni wọ́n kọ́kọ́ fi fò.

Ẹnìkan lè wí pé ayé àtijọ́ nìyẹn, pé ẹ̀rọ ayélujára àti kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ ẹ̀dà ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1962, ní ibùdó ìwádìí NASA ní Edwards, California, ẹnjiníà kan, Dale Reed, fẹ́ fi hàn pé ọkọ̀ tí kò ní apá lè fò, tí ara rẹ̀ nìkan yóò máa gbé e. Ẹ̀dà kékeré ni ó ṣe. Ó fi ẹ̀dà mìíràn tí ó ní apá fà á lọ sókè, ó sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ yà á sí fíìmù bí ó ti ń balẹ̀. Fíìmù yìí ni ó fi yí àwọn ọ̀gá rẹ̀ lọ́kàn padà. Ní 1963, wọ́n fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe èyí tí ènìyàn lè jókòó sí, tí wọ́n pè ní M2-F1, wọ́n sì fi mọ́tò Pontiac fà á lórí ilẹ̀ gbígbẹ títí ó fi gòkè. Ìmọ̀ tí ó jáde níbẹ̀ wúlò fún ọkọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí ojú ọ̀run tí ó sì ń padà balẹ̀ láti 1981. Láti 1973 pẹ̀lú, ibùdó kan náà ṣe ẹ̀dà ọkọ̀ ogun F-15 tí ó tó ìdá 3 nínú 8 ọkọ̀ gidi, wọ́n ń jù ú sílẹ̀ láti abẹ́ ọkọ̀ ńlá, awakọ̀ sì ń darí rẹ̀ láti ilẹ̀. Ìdánwò tí ó lè pa ènìyàn, ẹ̀dà ni wọ́n rán lọ.

Mo ti sọ nípa àwọn tí ń ṣe é. Ó ku àwọn tí ń kó o jọ. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn wà tí ó jẹ́ pé ọkọ̀ ìdánwò nìkan ni wọ́n ń kó ẹ̀dà rẹ̀ jọ, tí wọ́n sì ń ṣe é ní títóbi. Kí ni ó dé? Ìdí ni pé ọkọ̀ ìdánwò kì í pọ̀. Mẹ́ta péré ni X-15 tí wọ́n ṣe. Láàárín 1959 sí 1968, wọ́n fò ní ìgbà 199. Ọ̀kan já ní 1967, ó sì pa awakọ̀ rẹ̀, Michael Adams. Méjì tí ó kù wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ti X-2 burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì ni wọ́n ṣe. Ọ̀kan bú gbàmù ní 1953. Èkejì já ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 1956, lẹ́yìn tí Milburn Apt ti fi í sáré ju ìlọ́po 3 eré ohùn lọ. Awakọ̀ náà kú pẹ̀lú. Kò sí X-2 kankan láyé mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ yí i po, kí ó wo ìrù rẹ̀, kí ó fọwọ́ wọn apá rẹ̀, ẹ̀dà nìkan ni ó ṣẹ́kù fún un. Nígbà yìí, ẹ̀dà kì í ṣe ohun ìṣeré mọ́. Òun ni ẹlẹ́rìí.

Ṣíṣe ẹ̀dà sì tún máa ń tú àṣírí ohun tí ìwé kò kọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá 2003, tí ọkọ̀ Wright pé 100 ọdún, wọ́n gbé ẹ̀dà rẹ̀, tí wọ́n ṣe kí ó bá ti àtijọ́ mu ní gbogbo ọ̀nà, jáde níbi tí ti àkọ́kọ́ ti fò. Òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ kò tó, ẹ̀dà náà kò sì lè fò níwájú èrò rẹpẹtẹ. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ní làákàyè kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀: bí kì í bá ṣe afẹ́fẹ́ líle àárọ̀ ọjọ́ náà ní 1903, ọkọ̀ àkọ́kọ́ pàápàá lè ṣàìgbéra.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan nínú àwọn olùwòran yóò wí pé, ṣebí àwọn baba wa ní egbé, tí ó ń gbé ènìyàn kúrò nínú ewu. Ṣebí wọ́n ní kánàkò, tí ń sọ ọ̀nà jíjìn di kúkúrú? N kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìgbàgbọ́. Ohun tí ó kàn mí gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ ni ọ̀nà tí a gbà pa irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Awo ni. Ẹni tí ó ní i fi í sínú; bí ó bá kú láìsọ ọ́ fún ọmọ, ó ti lọ nìyẹn. Ìdí wà tí àwọn baba wa fi ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé inú àṣírí iṣẹ́ ni oúnjẹ agboolé wà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfuurufú kò wá láti inú awo. Cayley kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti kà; Pénaud fi tirẹ̀ han gbogbo èrò. Ẹni tí ó tẹ̀ lé wọn bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí, kò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbàdàn mọ ohun tí ó ń náni bí irinṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nínú ogun tí a jà láti 1877 títí di 1893, àwọn Èkìtìpàràpọ̀ rí ìbọn tuntun tí ń yára yìn rà gba Èkó, ìró ohun ìjà wọn ni a sì gbọ́ tí a fi pe ogun náà ní Kírìjì. Ìlú tí kò sí ẹni tí kò bẹ̀rù rẹ̀ nígbà náà kò lè ṣẹ́gun mọ́, kì í ṣe nítorí àìlákíkanjú. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: Èkìtìpàràpọ̀ pàápàá kò ṣe ìbọn náà, rírà ni wọ́n rà á. Ìhà méjèèjì ni okùn wọn wà lọ́wọ́ ọlọ́jà.

Nàìjíríà ti gbìyànjú láti gba okùn náà. Ní Kaduna, ní ìparí àwọn ọdún 1980, iléeṣẹ́ AIEP ṣe ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan tí wọ́n pè ní Air Beetle, fún kíkọ́ àwọn awakọ̀ ọmọ-ogun òfuurufú. Ara RV-6 ni wọ́n ti mú un, ọkọ̀ tí Richard VanGrunsven ará Oregon yà fún àwọn tí ń fi ọwọ́ ara wọn kan ọkọ̀ òfuurufú nínú ọgbà ilé wọn, tí òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ń kà kún ọkọ̀ ìdánwò. Kò sí ìtìjú nínú pé a mú un lára ti ẹlòmíràn, àwòkọ́ṣe ni. Ìbéèrè náà ni pé ibo ni kíkọ́ rẹ̀ dé? Ní oṣù Kejìlá 2013, wọ́n ṣí Gulma, ọkọ̀ aláìní-awakọ̀, ní Kaduna. Ní oṣù Kejì 2018, wọ́n ṣí Tsaigumi, tí iléeṣẹ́ ilẹ̀ Portugal kan bá wa lọ́wọ́ sí. Ìgbésẹ̀ gidi ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́la pé kí wọ́n dárúkọ ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ tí kò mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé kò lè mọ ibi tí òun yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ibì kan wà tí a ti rí àpẹẹrẹ ìpamọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ní Umuahia, láti 1985, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ogun ń tọ́jú àwọn ohun tí wọ́n fi ọwọ́ ṣe ní apá ìlà-oòrùn nígbà ogun 1967 sí 1970. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni lè rò nípa ogun náà, ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ yóò rí ohun tí ọwọ́ ènìyàn gbìyànjú, àti bí ó ti gbìyànjú rẹ̀. Ìyẹn ni mo ń tọrọ fún iṣẹ́ ọjọ́ àlàáfíà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí mo ń bẹ̀ yín kò ju agbára kíláàsì kan lọ. Nígbà tí ọmọ kan bá gbé ọkọ̀ onípáànù wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní rúlà kí ó wọn apá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbé e lórí òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí ó jù ú ní ìgbà 10 láti ibì kan náà, kí ó sì kọ ibi tí ó balẹ̀ sí sílẹ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, kí ó yí ohun kan ṣoṣo padà, ìrù tàbí apá, kí ó tún jù ú. Bí ó bá fẹ́ ṣe èyí tí ó tóbi ní ìlọ́po 2, ẹ kọ́kọ́ bi í ní ìṣirò búríkì. Kí olùkọ́ èdè wà níbẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ ìṣirò, kí wọ́n jọ wá orúkọ Yorùbá fún ohun tí ọmọ náà rí, nítorí pé ohun tí kò ní orúkọ kì í pẹ́ ní ìrántí. Kí ẹ sì wá àyè kan sórí pẹpẹ fún èyí tí kò fò, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí ó sọ ìdí tí kò fi fò. Ìwé pélébé náà ṣe pàtàkì ju ẹ̀dà tí ó rẹwà lọ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ kékeré ni ó lè tẹ páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó má fà ya. Ọwọ́ àgbà ni ó mọ ibi tí a ń pa ìwé mọ́ sí. Páànù kò wọ́n ní Ìbàdàn, láti Bẹẹrẹ títí dé Bẹyẹrúnkà, ọmọ tí yóò gé e kò sì wọ́n. Bí ẹ bá dé kíláàsì yín ní ọjọ́ Ajé, ẹ béèrè èwo nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ní ọ̀kan nílé, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó gbé e wá.